Oníbodè Tó Wọ Ìbọ̀wọ́: Peter Rufai láti Èkó dé Èrúwà, dé Òkè Òkun

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ àwọn oníbodè ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo máa mú bọ̀. N kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn wọ ọ̀rọ̀ náà. Oníbodè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ìbọ̀wọ́ ló ń wọ̀, àárín òpó méjì ló sì ń dúró sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 2025, fóònù mi dún nílé níbí ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní Ṣakí nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà ni. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi ní, "Bàbá, Dodo Mayana ti lọ." Mo ní ta nìyẹn? Ó ní, "Rufai ni, sà. Peter Rufai. Gólì wa." Ohùn rẹ̀ há. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí n kò mọ̀ pé òun àti Rufai mọra rárí. Wọn ò sì mọra. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rìn lọ síbi tí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn máa ń pàtẹ sí. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: ẹni mẹ́wàá á yí ìwé ìròyìn kan ká, ẹyọ kan nínú wọn ò ní rà á. Diogo Jota, ọmọ Pọtogí tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool, ló gba ẹnu gbogbo ayé lọ́jọ́ náà, torí ọjọ́ kan náà ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní Spéìn. Ikú ọ̀dọ́ dunni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan Rufai, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ ní, "Ṣebí òun ni Denmark gbá góòlù mẹ́rin wọlé rẹ̀ ní 1998?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ nǹkan bí ogún ọdún, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi dì í. N kò bínú sí ọmọ náà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti bí i nígbà ìdíje yẹn, ọmọ ọwọ́ ni. Ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún un, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èmi yìí. Èmi náà wà níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ló ń gbé e, mo sì wà lára àwọn tó ń pariwo pé "Rufai! Rufai! Kí ló ń ṣe ẹ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ni mí nígbà yẹn o. Ó yẹ kí n ti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa òpìtàn ní àìsàn kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ la máa ń kọ. Ohun tí ẹnìkan kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, a kì í rí i kọ. Ẹ mú oníbodè ayé àtijọ́ bí àpẹẹrẹ. Nígbà ayé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú olódi ní ibodè, ibodè sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Òun ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, òun ló ń mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ẹ ka ìwé ìtàn wa, títí kan èyí tí Samuel Johnson kọ. Ẹ ó rí ìlú tí ogun kó, ọjọ́ tí ó kó o, àti orúkọ ẹni tó kó o. Ṣùgbọ́n oníbodè tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí ohunkóhun kò gbabẹ̀ wọlé, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí orúkọ rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ìtàn ojú alákàn?

Aṣọ́lé, ìyẹn gólì lẹ́nu àwa ará àtijọ́, oníbodè ni.

Ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963 ni wọ́n bí Peter Rufai ní Èkó. Ọmọọba Ìdímù ni, ní agbègbè Alímọ́ṣọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn oníròyìn fi máa ń fi "Prince" ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Stationery Stores, èyí tí olóògbé Israel Adébàjọ́ dá sílẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pa ara yín nítorí Chelsea àti Arsenal, ẹ ò mọ ohun tí Stores jẹ́ fún ará Èkó. Bí Stores bá fìdí rẹmi, oúnjẹ kì í wọlé sẹ́nu ẹlòmíì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní 1981, ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, Union Douala ti Kàmẹrúùnù ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ipò tí ọmọ yìí sì ń bọ̀ wá gbà kì í ṣe ipò yẹpẹrẹ. Láti ọjọ́ tí ikọ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí Sam Ibiam wà lójúlé, gólì ò wọ́n wa. Emmanuel Okala wà ní Rangers, ọkùnrin gíga bí ọ̀pẹ. Nílé wa níbí, Zion Ogunfeyimi àti Best Ogedegbe wà ní Shooting Stars Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976. Ogedegbe yìí kan náà ló wà lójúlé ní Èkó, ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, 1980, tí a na Àlùjíríà ní 3-0 tí a sì gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà tó nípa ọjọ́ yẹn, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti góòlù méjì rẹ̀ ni wọn ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdo tó wà lápá kejì 3-0 yẹn. Ẹnì kan ló ṣe òdo náà.

Láti Stores, Rufai kọjá sí Femo Scorpions ní Èrúwà. Ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá nìyẹn. Èrúwà kì í ṣe Òkè-Ògùn o, Ìbàràpá ni. Kí àwọn ará Ìbàràpá má bá mi fa wàhálà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn kan náà la jọ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní Ìsẹ́yìn, tó gba Adó-Àwáyè kọjá lábẹ́ òkè, tó forí lé Máyà, ó ti ń súnmọ́ Èrúwà nìyẹn. Ìlú tí wọ́n mọ̀ fún ẹ̀gúsí àti gbágùúdá ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńlá wọ̀jà. Ọkùnrin tó ti dúró lójúlé fún Nàìjíríà ló sì wà níbẹ̀, tí ọmọ àgbẹ̀ tó bá ta àgbàdo rẹ̀ tán lọ́jà lè yà wò. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ní ayé ìgbà náà, gólì Nàìjíríà kì í ṣe ẹni tí a ń wò nínú fóònù. Erùpẹ̀ pupa tó ń bà lé wa lára náà ló ń bà lé e.

Láti ibẹ̀, ní 1986, ó sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin, sí ẹgbẹ́ Dragons de l'Ouémé ní Porto-Novo, ìlú tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ará Ṣakí kò ní rí ohun ìyanu níbẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni tiwọn ń sọdá ibodè yẹn. Ṣùgbọ́n fún agbábọ́ọ̀lù, àtẹ̀gùn ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba Bẹ́ljíọ̀m lọ, ó wà ní Lokeren, lẹ́yìn náà Beveren. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò níbẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ rí àyè gbá. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ gólì. Atamátàsé mẹ́ta lè wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ibodè kan, oníbodè kan. Ẹni kejì á jókòó, á máa wò, á máa múra fún ọjọ́ tó lè má dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, torí mo ti rí i pé àwọn tó ń bú gólì jù ni kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìṣẹ́jú 90 ni ìdíje. Gólì lè má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ju ìgbà díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sinmi. Òun nìkan ló kọjú sí gbogbo pápá. Ó ń rí ohun tí àwọn adẹ́yìnmú rẹ̀ kò rí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pariwo. Bó bá ti gbé ara rẹ̀ síbi tó yẹ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á wá bá a láyà, àwọn òǹwòran á ní, "Ìyẹn ò le, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbá a sí." Èyí tó bá fò fún ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ sí, bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ìdúró tí kò dára ló ń fa fífò. Gólì tó mọṣẹ́ jù ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ìyẹn náà ló fà á tí wọ́n fi máa ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ atamátàsé a máa wúwo bó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ojú gólì a máa mú sí i. Dino Zoff jẹ́ ẹni 40 ọdún nígbà tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún Ítálì ní 1982. Essam El-Hadary ti Íjíbítì jẹ́ ẹni 45 ọdún ní Rọ́ṣíà ní 2018, ó sì tún mú pẹnáritì. Síbẹ̀, pípẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní 1992 wọ́n yí òfin padà: bí ará ilé ẹni bá dìídì fi ẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù padà síni, gólì kò gbọdọ̀ fọwọ́ mú un mọ́. Rufai ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ẹni tó ti fi ọwọ́ jẹun láti kékeré, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ gólì ni òfin yẹn lé lọ sílé. Òun kọ́ ọ, ó sì tún lo ọdún púpọ̀ sí i.

Ní ti Nàìjíríà, láàárín 1981 sí 1998 ló fi wà níbẹ̀, ìdíje 65 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Ní 1984, ọmọ 20 ọdún ni, òun ló wà lójúlé nígbà tí a dé àṣekágbá ní Abidjan. Mudashiru Lawal kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé, Kàmẹrúùnù wá gbá mẹ́ta. Ní 1988, ní Casablanca, àṣekágbá tún ni, Kàmẹrúùnù náà tún ni. Pẹnáritì kan ṣoṣo, èyí tí Emmanuel Kundé gbá wọlé, ló pa wá. Nígbà tó fi di 1990 àti 1992, Alloy Agu ni wọ́n ń lò. A ti gbé Rufai sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹlòmíì ì bá ti gbé bàtà kọ́.

Kò gbé bàtà kọ́. Ó padà dé. Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, 1993, tí a na Etiópíà ní 6-0 ní Èkó, òun fúnra rẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ gbá pẹnáritì wọlé. Góòlù kan ṣoṣo tó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, 1994, a pàdé Sáńbíà ní àṣekágbá ní Tunis. Ẹ rántí pé ọdún kan ṣáájú ni ọkọ̀ òfuurufú ti já ní Gabon tó pa ikọ̀ Sáńbíà. Àwọn tuntun tí wọ́n ṣà jọ ló wá, àánú wọn sì ń ṣe gbogbo ayé. Eré kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Litana fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé wa. Amunike dá a padà kíákíá, ó sì fi ìkejì lé e bí wọ́n ṣe dé láti ìsinmi. 2-1. Gbogbo wa la mọ orúkọ Amunike, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò: láti ìgbà tí góòlù Litana ti wọlé, ó kù tó ìṣẹ́jú 85 kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn. Kò sí ohun tó wọlé wa mọ́. Ìṣẹ́jú 85 yẹn ni ife náà. Kò sí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, gbogbo ayé rí Yekini tó di àwọ̀n mú lẹ́yìn góòlù àkọ́kọ́ wa ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, lọ́jọ́ tí a na Bọ̀gáríà ní 3-0. Àwòrán yẹn kò ní parẹ́ láéláé. Lápá kejì pápá, òdo ni. Òdo náà ni fún Gíríìsì tí a na ní 2-0. Lẹ́yìn náà Ítálì dé. Amunike ti gbá tiwa wọlé láti ìṣẹ́jú 25, wọ́n ti lé Zola jáde, a ku ìṣẹ́jú méjì péré. Ìṣẹ́jú 88 ni Roberto Baggio rọra gbá a gba ẹ̀gbẹ́ òpó wọlé. Ó tún fi pẹnáritì parí rẹ̀ nígbà àfikún àkókò. Èyí tí à ń rántí nìyẹn.

Òun ní tirẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Pọtogí, sí Farense ní ìlú Faro. Níbẹ̀ ló ti rí ìsinmi tó wá kiri. Àsìkò tó kọ́kọ́ lò níbẹ̀, 1994 sí 1995, ẹgbẹ́ kékeré yẹn ṣe dáadáa débi pé wọ́n rí àyè wọ ìdíje UEFA Cup, ohun tí wọn kò tíì ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Spéìn, Hércules ní Alicante, lẹ́yìn rẹ̀ Deportivo La Coruña, níbi tí òun àti Jacques Songo'o ti Kàmẹrúùnù jọ ń ṣọ́ ilé kan. Ẹ wo èyí ná: ọmọ Kàmẹrúùnù àti ọmọ Nàìjíríà, àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn ti ń bára wọn fà á láti 1984, ni Spéìn fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹgbẹ́ kan náà lé lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìròyìn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1998 pé bàbá rẹ̀, ọba Ìdímù, ti wàjà. Ó wálé. Ìròyìn kárí ayé nígbà náà pé wọ́n fi ipò náà lọ̀ ọ́, kò sì gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìdílé máa ń ṣe nítorí adé nílẹ̀ wa, ẹ jókòó kí ẹ rò ó dáadáa. Mo ti lo ìgbà ayé mi lórí ìtàn ọba. Mo mọ àwọn tó ta ilé, tó ta ilẹ̀, tó lọ sílé ẹjọ́ fún ogún ọdún nítorí àga. Ọkùnrin ẹni 34 ọdún yìí fi àga sílẹ̀, ó padà sáàárín òpó méjì.

Lóṣù mélòó kan sí i, Ike Shorunmu, ẹni tó yẹ kó ṣọ́lé wa ní Faransé, fara pa. Àgbà bá gba ẹnu ọ̀nà padà. Ìdíje àkọ́kọ́, ní Nantes, ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, a na Spéìn ní 3-2. Ìtàn ọjọ́ yẹn jẹ́ ti gólì méjì, ẹ fiyè sí i. Andoni Zubizarreta ló wà lápá kejì, ẹni ọdún 36, ìdíje tó gbá fún Spéìn ti lé ní 120. Garba Lawal gbá bọ́ọ̀lù kan wọ inú àpótí, Zubizarreta fẹ́ tì í síta, ọwọ́ rẹ̀ ló tì í wọlé ara rẹ̀. Oliseh wá gbá èyí tó dà bí ààrá. A jó, a yọ̀. N kò rò pé ẹnì kan lára wa ronú kan ọkùnrin yẹn. Ọdún rẹ̀ tó lé ní mẹ́tàlá níwájú ilé Spéìn, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ayé fi ń rántí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló kan tiwa. Ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ní Saint-Denis. Denmark gbá ìkíní wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta, ìkejì ní ìkejìlá. Nígbà tí Ebbe Sand wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, kò lo ogún ìṣẹ́jú àáyá lórí pápá tó fi gbá ìkẹta. Ìkẹrin tẹ̀ lé e. 4-1. Ẹ lọ wo fídíò rẹ̀ báyìí tí ara ti tutù, bí èmi náà ṣe lọ wò ó lẹ́yìn ikú Rufai. Kì í ṣe pé kò ní ẹ̀bi. Ó ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ṣí sílẹ̀, bí a ṣe ń rìn bí ẹni tó ti ń ro ti Bràsíl tó ń dúró de ẹni tó bá yege. Àwọn àgbà ní ibi tí a ti kọsẹ̀ là ń wò, a kì í wo ibi tí a ṣubú sí. Ojúlé ni ibi tí a ṣubú sí. Àárín pápá la ti kọsẹ̀. Gólì ló kàn wà nítòsí ibi tí òkú sùn sí.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Bràsíl, Moacir Barbosa ló wà lójúlé ní ọjọ́ 16, oṣù Keje, 1950, nígbà tí Uruguay na wọ́n ní 2-1 nínú Maracanã tuntun. Góòlù tí Ghiggia gbá gba ẹ̀gbẹ́ òpó ni wọ́n fi lé e lọ́rùn títí ó fi kú ní 2000. Àádọ́ta ọdún! Ọ̀daràn pàápàá kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́.

Mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láti òkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní 1979 mo jẹ́ tíṣà ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí. Torí èmi ló kéré jù nínú àwọn tíṣà, wọ́n fi eré ìdárayá kún iṣẹ́ mi. A dé àṣekágbá ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Ọyẹ́ ń mú, pápá jẹ́ ilẹ̀ pupa olókùúta wẹẹrẹ, gólì wa kò ní ìbọ̀wọ́, àkísà ló wé mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Títí eré fi fẹ́ parí, òdo sí òdo. Adẹ́yìnmú wa kan dá bọ́ọ̀lù padà sí i, bọ́ọ̀lù kọlu òkúta, ó fò lórí apá ọmọ náà, ó yí gbirigbiri wọlé. Bí a ṣe pàdánù nìyẹn. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà, mo ní, "Ẹnì kan ló tà wá." N kò dárúkọ rẹ̀. Kò sídìí fún un. Gbogbo orí ló yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo bá jẹ́sì rẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa. Kò ṣọ́lé mọ́ láyé rẹ̀.

Òun ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí Rufai kú. Ó ti di bàbá àgbà, ó ń ta ohun ìkọ́lé. A sọ̀rọ̀ Rufai títí, ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ rántí àwọn bọ́ọ̀lù tí mo mú lọ́jọ́ yẹn?" Mo dákẹ́. N kò rántí ẹyọ kan. Ó ka márùn-ún fún mi: ẹni tó gbá a, apá ibi tó ti wá, ọwọ́ tó fi mú un. Lẹ́yìn ọdún 46. Èyí tó wọlé nìkan ni èmi rántí. Mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti pẹ́, sà." Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò dun òun. Ọmọ tó ń pọnmi ló ń fọ́ kèrègbè. Èmi tí n kò dé odò rí ni mo ń ka àpáàdì.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù kí n tó dákẹ́. Lára àwọn gólì mẹ́ta tí Nàìjíríà kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1994 ni Wilfred Agbonavbare wà, ẹni tó ń gbá fún Rayo Vallecano ní Madrid. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tán, iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní pápákọ̀ òfuurufú ló ń ṣe níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni àrùn jẹjẹrẹ pa á sí ní 2015. Àwọn ará Vallecas, òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, kò gbàgbé. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fún un. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ oníbodè rí ló mọ ohun tó tọ́ sí i.

Àwa ńkọ́? N kò ní pápá ìṣeré tí mo lè fi sọrí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ní ni kíkọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìtàn, ìgbà mìíràn tí ẹ bá jókòó ti ìwé tàbí ti àgbàlagbà kan láti gba ìtàn sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ tún béèrè ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá sì wà níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́, tí ọmọ kan bá sọ pé Denmark gbá mẹ́rin wọlé Rufai, ẹ má bú u. Ẹ kàn sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ní ìdíje kan nínú 65, kí ẹ wá sọ ti ìṣẹ́jú 85 Tunis fún un.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Peter Rufai sí afẹ́fẹ́ rere. Oníbodè Ọ̀yọ́ tí mo jẹ yín ní gbèsè ń bọ̀ lọ́nà. Ó dìgbà kan ná o.